Òṣùká Òdòdó Lára Ilẹ̀kùn Tí A Kì í Ṣí

Mo to àwọn lẹ́tà yìí jọ bí wọ́n ṣe lọ tí wọ́n sì bọ̀. Èmi, Elwood Stauffer, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Kettle Run, Pennsylvania, ni mo kọ apá kan nínú wọn. Lorna, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní New Zealand, ló kọ ìyókù. Kí ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀: Verna ìyàwó mi, ìyá Lorna, ti kú nígbà òtútù, kí èyí àkọ́kọ́ nínú wọn tó dé. Lorna kò mọ̀. Èmi ló yẹ kí n sọ fún un, mi ò sì sọ. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò ti kọ ìlà kan sí mi. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń kọ̀wé sí. Mo rò pé bó bá gbọ́, ohùn rẹ̀ yóò kúrò nínú ilé yìí títí láé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ohun tí mo kọ. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbẹ̀ láti gbèjà ara mi.


Ẹ̀bá Fairlie, New Zealand
Ogúnjọ́ oṣù Keje, 1973

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ooru, nítorí mo mọ̀ pé inú ooru lẹ wà nígbà tí àwa ń gbọ̀n níbí. Àlàáfíà ni mo wà. Alec ọkọ mi náà wà. Àwọn àgùntàn ṣì pọ̀ ju ènìyàn lọ, bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀.

Kí ló dé, Ìyá? Láti Kérésì, mi ò rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ yín. Mo kọ̀wé, mo tún kọ. Ńṣe ló dà bí ẹni ń ju òkúta sínú kànga tí kò sì gbọ́ kó dún. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó ń ro yín yẹn ni, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín kọ ọ́. Bàbá ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ bá mi kí wọn o. Mo kàn ń béèrè bóyá wọ́n ṣì ń jókòó sí ìlà iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fi gègé pupa tún ìwàásù pásítọ̀ ṣe.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi. Oṣù Kẹsàn-án ni ìgbà ìrúwé ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Láti ìgbà tí mo ti dé, ilẹ̀kùn mi kò wọ nǹkan kan rí, ó wà gbalaja bí iwájú orí apárí. Mo fẹ́ ṣe òṣùká òdòdó yín yẹn, èyí tí ẹ máa ń gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn iwájú bí yìnyín bá ti ń yọ́. Mo rántí bó ṣe máa ń rí. Mo rántí ìtàkùn tó ká sínú ọpọ́n ìfọṣọ bí ejò tó ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Ìgbà tí ẹ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, mo ti sá lọ ṣeré. Ẹ kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Lorna


Kettle Run
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ, 1973

Lorna, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ilé sì dùn. Má bínú pé mo dákẹ́. Ọwọ́ ló ń ro mí bí o ṣe rò ó, ó sì ti le débi pé mi ò lè di kálámù mú mọ́. Bàbá rẹ ló ń bá mi kọ èyí. Mò ń sọ, wọ́n ń kọ.

Ohun tí o béèrè kò ṣòro. Gé ìtàkùn àjàrà igbó nígbà tí kò tíì rúwé, kó gùn jù ọ́ lọ. Má gé èyí tó hurun lára. Májèlé ni, ọwọ́ rẹ á wú bí búrẹ́dì. Rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi tẹ̀ láìdún. Ká a ní òbìrìkìtì tó fẹ̀ tó àwo ńlá, kí o wá máa lọ́ ìyókù mọ́ ọn lára. Apá ọ̀tún ni kó máa lọ, kó lè di ara rẹ̀ mú láìsí okùn. Mú ewéko múlọ́múlọ́ tó ń hù lára òkúta, kí o kì í bọ àárín rẹ̀. Ẹ̀ka wílò ló tẹ̀ lé e, èyí tí òdòdó rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ ológbò. Dá ihò kékeré sí orí àti ìdí ẹyin, fẹ́ inú rẹ̀ jáde, fi èèpo àlùbọ́sà se èèpo ẹyin náà kó lè pọ́n, kí o so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù ló kẹ́yìn.

Mo ní kí bàbá rẹ ṣe ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà, kò sí òdòdó wílò kankan, ńṣe ni wọ́n sì ń já ewé kúrò lára ìtàkùn bí ẹni ń hú ìyẹ́ adìẹ. Wọ́n gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn iwájú. Ìyàwó pásítọ̀ ń kọjá lọ, ó dúró wò ó, ó ní, “Elwood, ṣé ìrúwé ló gbàgbé ẹ ni, àbí ìwọ lo gbàgbé ìrúwé?”

Bàbá rẹ ń jẹun dáadáa. Wọ́n ń béèrè rẹ. Wọ́n ń béèrè rẹ gan-an.

Kọ̀wé. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ,
Verna


Ẹ̀bá Fairlie
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, 1973

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti ka lẹ́tà yín débi pé ó ti ya lójú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po. Kí Bàbá gba ọpẹ́ mi fún ìwé kíkọ. Ọpẹ́ ni mo ní o, mi ò ní ìkíni.

Kò sí àjàrà igbó níbí. Wílò tútù ẹ̀bá odò ni mo lò. Mo rẹ ẹ́, mo ká a, mo sì lọ́ ọ sápá ọ̀tún bí ẹ ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀. Alec wò ó títí, ó ní àgbò tó bá gba ipò kìíní níbi àfihàn ẹran ọ̀sìn ni wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ kọ́ lọ́rùn, èwo nínú àwa méjèèjì ló gba ipò kìíní? Mo gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn iwájú lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán kò tíì dà nínú wa tí Nola Pringle, aládùúgbò wa, fi dé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ẹran àgùntàn. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó gbá mi mọ́ra. Àwọn ará oko òkè tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àkàrà òyìnbó dání. Bàbá onísọ́ọ̀bù ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dé e padà. Mo ń bu tíì fún wọn, mo ń rò ó pé ìfẹ́ yìí pọ̀ o, àfìgbà tí Nola di ọwọ́ mi mú tó ní, “Ta ni, ọmọ mi? Ṣé ará ilé yín lọ́hùn-ún ni?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n wá bá mi kẹ́dùn. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe òṣùká òdòdó fún.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé pé ìrúwé ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ kí káàbọ̀ nílùú wa. Mo tún sọ fún wọn pé nílé tiwa, ẹnu ọ̀nà ìdáná ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé gbà jáde. Ẹnu ọ̀nà iwájú, pásítọ̀, ìyàwó tuntun àti òkú nìkan ló ni ín. Nola wò mí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o gbé òdòdó kọ́ sí ọ̀nà òkú, o tún ń bi wá léèrè ìdí tá a fi ń sunkún.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a sì jẹ ọbẹ̀ náà tán.

Ṣùgbọ́n bí Nola ṣe ń lọ, ó béèrè bóyá ìyá mi ti lọ sinmi ni. Mo ní ìyá mi wà ní Pennsylvania. Nola dúró.

Ó ní, “Ta wá ni obìnrin tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà?”

Ó ní obìnrin kan kẹ́yìn sójú ọ̀nà, ó so aṣọ ìdáná aláwọ̀ eérú mọ́ra, irun rẹ̀ wà ní kókó lẹ́yìn ọrùn, ó ń tún òṣùká náà ṣe. Òun kí i, kò dáhùn. Òun rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kó lè fọhùn, òun sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Nola kì í mutí, Ìyá.

Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ kàn kọ̀wé sí mi pé àlàáfíà lẹ wà.

Ọmọ yín,
Lorna


Kettle Run
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá, 1973

Lorna, ọmọ mi,

Àlàáfíà ni mo wà. Bàbá rẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ kó lè dá ọ lójú: àlàáfíà ni mo wà.

Obìnrin tí ọ̀rẹ́ rẹ rí, yóò jẹ́ ará oko kan tó ń kọjá lọ, tó dúró wo ohun tí kò rí rí. Àwa obìnrin kì í rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ká má fọwọ́ tún un ṣe. Má rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewé igi ti ń pọ́n níbí. Wọ́n ti wa ọ̀dùnkún tán. Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun ní orin tí o kọ̀ láti kọ lọ́jọ́ àjíǹde tó gbẹ̀yìn kí o tó lọ.

Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ. Kì í ṣe ẹni tó dúró sórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí ìwọ àti Alec ń lọ ni wọ́n mọ́. Ohun tí wọ́n sọ sí ọ nígbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Wọ́n mọ̀ pé Alec kò ṣe ohun tó burú ju pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbéra ga. Wọ́n máa ń lọ dúró nínú yàrá rẹ. Wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ń rò ó pé wọ́n lo ọjọ́ ayé wọn láti tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe, wọn ò sì rí èyí tó jẹ́ tiwọn tún ṣe.

Jọ̀wọ́, bí o bá tún ń kọ̀wé, fi ìlà kan kún un fún wọn. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Ìyá rẹ,
Verna


Ẹ̀bá Fairlie
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, 1973

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù tó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, ẹ ò yin Bàbá tó báyìí rí. Ṣé ara yín yá? Ìlà tiwọn nìyí, ẹ kà á sí wọn létí: Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ń jẹun. Ẹ máa fọ àwo tí ẹ bá fi jẹ ẹ́.

Ìyá, ọ̀rọ̀ òṣùká yẹn kò tán. Mo ní ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ní kí n lọ́ ọ sápá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì lẹ ń lò. Irun mi ni o, búrẹ́dì ni o, ìtàkùn ni o, gbogbo ohun tí ẹ bá lọ́ láyé yín, apá òsì ló ń lọ. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí ṣá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn aládùúgbò wá, mo jáde, òṣùká náà ti lọ sápá òsì látòkè délẹ̀. Wílò tó ti gbẹ ni, Ìyá. Bí ènìyàn bá tú u, yóò ṣẹ́. Kò sí èyí tó ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pupa ni mo so mọ́ ọn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ti ṣá. Mo bi Alec. Ó ní, “Níbo lèmi ti fẹ́ rí ríbọ́ọ̀nù? Àgùntàn ni mò ń rẹ́ irun rẹ̀, èmi kì í di í.”

Mi ò fẹ́ kọ èyí sí yín, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí? Mo ti rí obìnrin tí Nola rí. Alec náà ti rí i. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Gíláàsì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Nola wà lójú ọ̀nà nígbà tó rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí. Èmi wà nínú ilé, mo yọjú láti ojú gíláàsì kí n lè rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi náà rí. Ajá Alec, tó ń gbó ọlọ́pàá tó ń gbó pásítọ̀, kò gbó o. Ìrù ló ń jù.

Ẹ̀rù kò bà mí tó bó ṣe yẹ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò ti ilẹ̀kùn náà mọ́rí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni màá fi pa á dé. Bí a bá ti parí irun rírẹ́, Alec ní kí n máa bọ̀ nílé. Oṣù Kẹrin ni màá dé, ìgbà ìrúwé tiyín. Àwa méjèèjì yóò jọ ṣe òṣùká náà, ẹ ó sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi bí ẹ ṣe ṣí i fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Áà, àwọn ló ń kà á. Ó dáa, kí wọ́n yáa mọ̀.

Ọmọ yín tó ń bọ̀,
Lorna


Kettle Run
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, 1973

Lorna,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ èyí, lórúkọ ara mi. Jókòó kí o tó kà á.

Ìyá rẹ kú ní oṣù Kejì ọdún yìí. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni, kò sì pẹ́. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo jókòó láti kọ ọ́ sí ọ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Mo kọ “Lorna”, mo sì dúró síbẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí o kọ sí i ń dé, mo ń kà wọ́n, mi ò lè dáhùn. Nígbà tí o wá béèrè òṣùká òdòdó, mo rí ọ̀nà tí mo lè gbà bá ọ sọ̀rọ̀, mo sì gbà á. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ kan nínú lẹ́tà méjèèjì. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Mo fi ẹnu òkú yin ara mi lójú rẹ. Apá ọ̀tún ni mo kọ sílẹ̀ nítorí apá ọ̀tún ni ọwọ́ tèmi lọ nígbà tí mò ń ṣe é. Mo bá a gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ilẹ̀ tí o kọ: ara fìlà tí ìyá rẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gé e, mo sì so ó mọ́ òṣùká tí mo ṣe. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo yí lọ síwájú ilé. Òṣùká náà wà lára ilẹ̀kùn. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sí. Mi ò mọ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́, mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Èyí tó kù burú ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí ìwọ àti Alec ń lọ, mo sọ pé ìyàwó tí bàbá rẹ̀ kò súre fún, kó gba ìdáná jáde bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá rẹ kò dá mi lóhùn, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ọ. Ẹ ò tíì dé ojú títì tí mo fi mú ìṣó àti òòlù, mo sì kan ilẹ̀kùn náà pa. Ìyá rẹ kò bẹ̀ mí kí n yọ ọ́. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti ń yọ́, yóò gba ìdáná jáde, yóò yí ilé ká, yóò gbé òdòdó rẹ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Àwọn ará ìlú á máa yìn ín pé ilẹ̀kùn wa ló lẹ́wà jù. Mo ń jókòó sínú ilé, mo ń gbọ́.

Nígbà tó kú, àwọn tó wá gbé e béèrè ilẹ̀kùn iwájú. Ojú tì mí pé kí wọ́n rí ìṣó. Mo ní yìnyín ti dí i. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì gbé e gba ìdáná, gba ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, gba ibi tí a ń kó ọ̀dùnkún sí. Kò sí òkú kan nílùú yìí tó gba ibẹ̀ rí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè jẹ́ kí o gun ọkọ̀ wá bá ẹni tí kò sí. Bí o kò bá ní kọ̀wé sí mi láéláé, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni kí o kọ̀, lórúkọ mi.

Bàbá rẹ,
Elwood


Kettle Run
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní, 1974

Lorna,

Mi ò gbúròó rẹ. Mo ń lọ bá agbélẹ́tà lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ti ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n má bàa rìn jìnnà nínú yìnyín.

Mo ti yọ àwọn ìṣó náà. Ilẹ̀kùn náà ṣí. Afẹ́fẹ́ tutù wọlé, mo sì dúró níbẹ̀, mo ṣí fìlà, bí ẹni tó wá sin àlejò sọ́nà lẹ́yìn tí àlejò ti lọ.

Dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ “rárá” nìkan, kọ ọ́.

Bàbá rẹ


Ẹ̀bá Fairlie
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 1974

Bàbá,

Mo gba lẹ́tà yín méjèèjì. Ẹ ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Orí ìdúró ni mo ti kà á, lẹ́nu ọ̀nà, Alec ló sì wá gbé mi kúrò níbẹ̀. Nola tún gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wá. Kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń já ẹran sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ.

Mi ò dáhùn nítorí pé gbogbo ohun tí mo kọ, mo fi iná sun ún. Ẹ sin Ìyá láìsí mi. Ẹ tún wá mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì, mi ò tíì mọ̀. Àwàdà tí mo ṣe fún wọn, ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kí wọ́n wí fún mi pé àlàáfíà ni wọ́n wà, ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò ní wá ní oṣù Kẹrin. Kò sí ẹni tí mò ń wá bá.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, Ìyá kò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Alec ní kí n dúpẹ́. Mi ò tíì sọ fún un pé bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo bá mú aṣọ ìdáná mi lára èèkàn, okùn rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò ní ìbàdí.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Òkun tó wà láàárín wa kò kéré. Ilé yín ló sún mọ́ wọn, ilẹ̀kùn yín ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá? Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn nígbẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn sí mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má tọrọ àforíjì, mo ti ka ìyẹn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan kún un, màá mọ̀, mi ò sì ní kọ̀wé síbẹ̀ mọ́ láyé mi.

Lorna


Kettle Run
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, 1974

Lorna,

Mi ò ní fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀sán ni, yìnyín ń rọ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka ìwé ìròyìn sí i létí, mo sì ń tún àṣìṣe akọ̀ròyìn ṣe bí mo ṣe ń kà á.

Ó ní, “Elwood, dákẹ́ ná. Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú?”

Mo ní kò sí ẹnì kankan, afẹ́fẹ́ ni.

Ó ní, “Lorna ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró. Lọ ṣí i fún un.”

Mo ní, “Verna, o kúkú mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí.”

Ó wò mí. Kò bínú; ì bá dára kó bínú. Ó ní, “Kò burú. Jẹ́ kí n gba ìdáná yí lọ bá a.”

Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ṣí ojú ewé tó kàn.

Bàbá rẹ,
Elwood Stauffer